Fífi ìmọ̀lára tẹ prelude àti fugue Bach lórí píánò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olórin. Mo ń kọ́ prelude (orin ìṣáájú) àti fugue (orin tí ohùn púpọ̀ ti ń gba kókó kan náà tẹ̀ léra wọn) ní B minor, èyí tí Bach, olórin ará Jámánì, fi parí ìwé kìíní Well-Tempered Clavier, àkójọ prelude àti fugue rẹ̀, ní ọdún 1722. Wọ́n ní kí ariwo ohùn rẹ̀ má ṣe ròkè, kó má sì rọlẹ̀, nítorí pé harpsichord, ohun èlò orin ayé Bach tó jọ píánò, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ bákan náà, orin náà kò ní ẹ̀mí rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Píánò kúkú ni ẹ ń tẹ̀! Bach fúnra rẹ̀ kọ Andante (kó máa rìn wọ́ọ́rọ́) sórí prelude, ó kọ Largo (kó falẹ̀ gan-an) sórí fugue, ó sì so nóòtì kókó orin fugue náà pọ̀ ní méjì-méjì, bí ẹni tó ń mí ìmí ẹ̀dùn. Ẹ fi ara ti nóòtì àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí èkejì rọlẹ̀.

Ìdáhùn: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má ṣe pariwo kókó náà ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, torí pé ohùn mẹ́rin ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nóòtì méjìlá tó wà nínú orin ló pé sínú kókó yìí, nítorí náà ẹ lo pẹ́dààlì níwọ̀nba, kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ra wọn.

Ìdáhùn: Ní ti prelude, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń rìn láìdúró ni kí ẹ kọ́kọ́ dá tẹ̀.