Ta ló ti ní wàhálà táírọ́ìdì lẹ́yìn ìbímọ rí? Ẹ̀yin abiyamọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ wá o

Ìyá Àánú, Ọba-Ilé
Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ti ń jókòó fúnra rẹ̀, ó ti fẹ́ máa rá, èmi ìyá rẹ̀ ni ara ò tíì dá. Bí mo sùn di ilẹ̀ mọ́, bó ṣe rẹ̀ mí kí n tó sùn náà ni. Òtútù ń mú mi ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ará ilé ń wá abẹ̀bẹ̀ kiri. Irun ń já, ìgbẹ́ ò lọ déédéé, ojú mi máa ń wú láàárọ̀, ohùn mi ti ki. Ìyá ọkọ mi ní n kì í jẹun kánú ló fà á, bẹ́ẹ̀ sì ni mò ń sanra. Mo lọ gba oògùn ibà, dókítà wo ọrùn mi, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. N ò gbọ́ ọ rí pé ó bá ọ̀rọ̀ ìbímọ tan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ẹ kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi abiyamọ tí kò rẹ̀ hàn mí ná. Gbogbo wa ló rẹ̀, gbogbo wa ni irun wa já. Àwọn ìyá wa ò ṣe àyẹ̀wò kankan, wọ́n bí mẹ́jọ, wọ́n sì tún lọ sóko kòkó.

Abẹ̀kẹ́ Òkè-Àró
Ìyá Ìbejì, ó rẹ èmi náà nígbà ọmọ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bá mi gbé ọmọ tí mo sùn, ara á tún yá. Ti èkejì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ooru, òógùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kì í lè da omi gbígbóná sínú fúláàsì. Mo ń jẹun bí ẹni máa kú, mo sì ń rù. Ọmọ á sùn, èmi á lajú sílẹ̀. Wọ́n ní ayé ló ń bá mi jà, wọ́n gbé mi lọ fún àdúrà, mo gbààwẹ̀ lórí ọmọ ọmú. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti dáhùn. Kò pẹ́ sí i ni àárẹ̀ dé, òtútù dé, ìsanra dé, gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá Àánú.
Dókítà tó wá rí ìdí ẹ̀ ní àìsàn kan ṣoṣo ni méjèèjì. Àwọn ọmọ ogun ara wa, tó rọwọ́ sẹ́yìn nígbà oyún, ló jí dìde tó kọlu táírọ́ìdì níwájú ọrùn. Ó ní kí n wò ó bíi kẹ́ẹ̀gì tó lu: ohun tó ti kó pamọ́ á kọ́kọ́ ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni àyà lílù kìkì, tó bá wá gbẹ, àárẹ̀ dé nìyẹn.

Tèmitáyọ̀ A.
Abẹ̀kẹ́! Omi ojú bọ́ lójú mi. Ti àyà lílù yẹn gan-an ni tèmi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìyá Bọ́lá Arákalẹ̀
Èmi náà. Wọ́n ní mo ń ronú jù.

Ọmọge Aláròóró
Fún irun tó ń já, mo ní òróró ewé tó ń dá a padà kíákíá, mo sì máa ń gbé e wá sí Ọjà Ọba ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Abẹ̀kẹ́ Òkè-Àró
Ọmọge, jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àìsàn la wà.

Nọ́ọ̀sì Ìjọ̀kà
Ẹ kú ìjíròrò. Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ pé irun máa ń já fún ọ̀pọ̀ abiyamọ ní bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin sígbà tí wọ́n bímọ, ó sì máa ń hù padà láìlo oògùn. Ohun tó ń mú wa fura ni tí ó bá kó ara jọ: irun, òtútù, ìgbẹ́ tó le, awọ gbígbẹ, ìgbàgbé, ojú wíwú, àárẹ̀ tí oorun ò gbé lọ. Nǹkan bí obìnrin 5 nínú 100 ni àìsàn táírọ́ìdì ẹ̀yìn ìbímọ yìí máa ń ṣe láàárín ọdún kan tí wọ́n bímọ. Àkókò àárẹ̀ yẹn sábà máa ń dé láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹjọ, àkókò tí gbogbo ilé ti gbàgbé pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, tàbí tí àìsàn táírọ́ìdì wà nínú ẹbí rẹ̀, kó tètè sọ fún dókítà.
Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà. TSH àti T4 ni ẹ máa rí lórí ìwé: TSH ni àṣẹ tí orí ń rán sí táírọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́, T4 ni họ́mọ̀nù tí táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń pèsè sínú ẹ̀jẹ̀. Tí táírọ́ìdì bá ń rọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tó mọ́, TSH á ròkè, T4 á wálẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wo PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó náà máa ń fa àárẹ̀ àti òtútù, méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan.
Nítorí ọ̀rọ̀ irun tó délẹ̀ yìí: ẹni tó bá ń lo oògùn irun tó ní biotin, irú fítámì kan, nínú, ẹ sọ fún àwọn lábù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ó lè yí èsì TSH àti T4 padà. Ẹ dá a dúró fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán.

Ìyá Bọ́lá Arákalẹ̀
Háà! Biotin wà lórí tábìlì mi báyìí.

Ọmọ Oǹdó Ni Mí
Gẹ̀gẹ̀ ni ẹ ń sọ yìí nígbà náà. Ìyá àgbà mi ní ọ̀kan tó tó ọsàn. Wọ́n ní púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ yẹn, ló ń fà á. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ dín púpurú kù.

Ọmọ Ìkálẹ̀
Ẹ fi púpurú wa sílẹ̀ o! Púpurú ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, kò sẹ́ni tó ní gẹ̀gẹ̀ nílé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ iyán nìkan, ṣé àìsàn kì í ṣe yín ni?

Ọmọ Oǹdó Ni Mí
Iyán Oǹdó ò pa ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá Dérìn
Iyán Àkúrẹ́ ló dára jù, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjọ̀kà
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa ni májèlé rẹ̀ lè bá iṣẹ́ táírọ́ìdì jẹ́, pàápàá níbi tí áyódìn ò tó nínú iyọ̀. Púpurú tí wọ́n rẹ kó tó kan, tí wọ́n yan lórí iná, májèlé rẹ̀ ti lọ púpọ̀. Ẹ máa lo iyọ̀ tó ní áyódìn, ẹ dé e pa. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ìbímọ tí à ń sọ yìí kò ti inú oúnjẹ wá, ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ni ọrùn wọn ò sì ní wú tó bí a ó ṣe rí i. Ẹ má dúró de gẹ̀gẹ̀.

Ọmọ Ìkálẹ̀
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́ o, ará Oǹdó.

Bàbá Tóbi
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ìyàwó mi ló ṣe. Ó ń sunkún láìsí ohun tí a ṣe fún un, kò fẹ́ gbé ọmọ, kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo rò pé èmi ló ń bínú sí. Àwọn èèyàn mi ti ń sọ abísínwín lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó sọ fún mi pé òun rò pé ọmọ náà á rọ́wọ́ mú ju báyìí lọ tí òun ò bá sí, n ò dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́, mo gbé e lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ wà, táírọ́ìdì náà sì rọ. Wọ́n tọ́jú méjèèjì pa pọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, tí ìyàwó yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má ní kó lọ sùn.

Tèmitáyọ̀ A.
Ọlọ́run á tọ́jú ilé yín, Bàbá Tóbi. Báwo ni ara wọn báyìí?

Bàbá Tóbi
Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alágbàká. Ó ṣì ń lo oògùn.

Màmá Dáre, Oǹdó
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ya lára mi gan-an nígbà ìbímọ, wọ́n fún mi lẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ọmú ò wá rárá. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná títí, wọ́n fún mi lágbo títí, kò wá. Nǹkan oṣù mi ò padà. Òtútù, àárẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wo TSH nìkan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Dókítà mìíràn ló ní kí wọ́n wo T4 àti àwọn họ́mọ̀nù yòókù. Ohun tó wà nínú orí tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì ni ẹ̀jẹ̀ tó ya yẹn ti pa lára. Torí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ tí ọmú ò wá, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà gan-an, kó má jẹ́ kí wọ́n fi TSH nìkan dá a padà sílé.

Nọ́ọ̀sì Ìjọ̀kà
Màmá Dáre, ẹ kú ewu. Ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì gan-an. Ti yín gba dókítà họ́mọ̀nù.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ṣé títí ayé ni wọ́n máa máa lo oògùn yìí ni? Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn fẹ́ lọ.

Abẹ̀kẹ́ Òkè-Àró
Tèmi kọ́. Dókítà ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ mi, a wá dá a dúró. Àbúrò ọkọ mi kò bọ́ nínú tirẹ̀, ó ń lò ó títí di òní, ó sì ń ta aṣọ rẹ̀ láìsí wàhálà.

Apòògùn Ọba-Ilé
Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn láàárín ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, àwọn kan ò ní bọ́. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣe é nígbà tó bá tún bímọ, ẹ sọ fún wọn ní àntínétà. Levothyroxine ni oògùn náà. Omi lásán ni kí ẹ fi lò ó láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó mu tíì tàbí ẹ̀kọ. Kò ní kí ẹ má fọ́mọ lọ́mú. Ẹ má ra èyí tí ẹlòmíràn ń lò kẹ́ ẹ máa lò ó, oògùn tó pọ̀ jù máa ń dá àyà lílù sílẹ̀. Fún ìgbà àyà lílù kìkì tó kọ́kọ́ ń dé, oògùn tí wọ́n fi ń dá táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ jù dúró ò wúlò níbẹ̀, àyà nìkan ni dókítà máa ń fún yín ní oògùn pé kó rọlẹ̀.

Ìyá Bọ́lá Arákalẹ̀
Ẹ sọ fún àwọn tó ń ní ká fi àgbo jẹ́díjẹ́dí tọ́jú ìgbẹ́ tí kò lọ pé kí wọ́n jáwọ́.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀
Ìyá Bọ́lá, àgbo ò ṣe yín ní nǹkan kan o.

Ìyá Bọ́lá Arákalẹ̀
Ìgbẹ́ gbuuru ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Kò sì mú àárẹ̀ náà lọ.

Ìyá Àánú, Ọba-Ilé
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màmá Dáre, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa lọ fa ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ìyá ọkọ mi ti gbà láti gbé ọmọ. Apòògùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ìbímọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń lò ó láàárọ̀. Tí wọ́n bá fún mi ní ti táírọ́ìdì, ṣé mo lè lo méjèèjì pọ̀?

Apòògùn Ọba-Ilé
Rárá o. Oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èyí tó ní áyọ́ọ̀nù nínú, kì í jẹ́ kí ti táírọ́ìdì wọ ara dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni kásíọ́mù. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáàárín wọn. Ẹ lo ti táírọ́ìdì láàárọ̀, kí ẹ wá lo ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Tèmitáyọ̀ A.
Ọjọ́ Ajé náà ni èmi náà máa lọ. Ìyá Àánú, tí ẹ bá ń gba ọ̀nà Ọba-Ilé wọlé, ẹ dúró dè mí níbi ìdúró ọkọ̀, kí a jọ lọ.