Boško àti Admira: ǹjẹ́ ó tọ̀nà kí Boško dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń gbé mi lọ́kàn. Ọmọ ẹ̀yà Serb ni Boško Brkić, Mùsùlùmí sì ni ìdílé Admira Ismić. Nígbà tí ogun dé bá Sarajevo, olú-ìlú Bosnia, ní ọdún 1992, ìyá Boško kúrò nílùú, ṣùgbọ́n Boško dúró ti Admira olólùfẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993, wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì níbi afárá Vrbanja bí wọ́n ṣe ń sá jáde. Ǹjẹ́ ó tọ̀nà kí ó dúró?

Èsì kìíní: Ó tọ̀nà gidigidi. Àwọn ọmọ ogun Serb ló dó ti ìlú náà, tí wọ́n ń yin àgbá sí i láti orí òkè. Kí Serb kan wá yàn láti máa gbé lábẹ́ àgbá yẹn nítorí ọmọbìnrin Mùsùlùmí, èmi kò mọ ẹ̀rí ìfẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì kejì: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá rẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni òkú wọn fi wà nílẹ̀, tí ikọ̀ Serb àti ikọ̀ ìjọba Bosnia ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gbé wọn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ti Admira ló ń pa mí lẹ́kún jù: ọta ti bà á, síbẹ̀ ó rákò lọ dì mọ́ Boško.