Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dárúkọ irinṣẹ́: èsì lórí “ẹ̀rọ ìgégi”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé pélébé fún àwọn oníṣẹ́ gẹdú, bí wọn kò ṣe ní ṣe ara wọn léṣe nínú igbó, ti bèèrè orúkọ tí à bá máa pe ṣéènsọ̀ọ̀, irinṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mú kí ṣéènì eléyín rẹ̀ sáré wọ inú igi. Àbá méjì ló ti wọlé: “ẹ̀rọ ìgégi” àti “ayùn ẹlẹ́wọ̀n”. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tí yóò ka ìwé yìí yóò di irinṣẹ́ náà mú, eyín rẹ̀ yóò sì máa sáré níwájú ojú rẹ̀. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a dé igbó.

“Ayùn ẹlẹ́wọ̀n” kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n là ń pè ní ẹlẹ́wọ̀n. Bí ẹ bá ní kí lagilagi gbé ayùn ẹlẹ́wọ̀n wá, yóò bèèrè pé ẹlẹ́wọ̀n wo ló ni ín. Irin tí àbá yìí pè ní ẹ̀wọ̀n, ṣéènì ni ọlọ́kadà ń pè é, ó sì yé gbogbo ayé.

“Ẹ̀rọ ìgégi” ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni “gé”. À ń gé èékánná, à ń gé irun, à ń gé ẹran, à ń gé aṣọ. Igi ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Igi ni ìyá mi fi ń dáná títí mo fi dàgbà, nílé wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rán wa níṣẹ́ ló ń sọ ohun tí a máa mú dání. Bí wọ́n bá ní “ẹ lọ ṣẹ́gi wá”, ọwọ́ àti àdá ti tó, òṣùká lórí, nítorí ìṣẹ́pẹ́ àti ẹ̀ka gbígbẹ là ń lọ kó. Ibẹ̀ ni orúkọ aṣẹ́gità ti wá. Bí wọ́n bá ní “ẹ la igi yẹn”, àáké ni, ìtì náà sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. A óò wo ibi tó ti sán, a óò sì jẹ́ kí àáké tọ ipa ibẹ̀. Ẹni tó bá ń la igi ayin tó ti gbẹ yóò mọ̀ pé agbára nìkan kọ́. “Bẹ́ ẹ” ni ti ohun tí àdá mímú lè ká lẹ́ẹ̀kan. “Pa ẹ̀ka rẹ̀” tún yàtọ̀: igi náà yóò wà lórí ìdúró, ẹ̀ka nìkan ni yóò kúrò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àwọn àgbà kò sọ pé kékeré la ti ń gé e.

Ti ayùn ni “rẹ́”. Nínú Bíbélì Yorùbá, Hébérù 11:37, ayùn ni wọ́n fi rẹ́ àwọn ẹni ìgbàgbọ́ sí méjì, wọn kò fi là wọ́n. Eyín tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń jẹ ohun náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já, ohun tí “rẹ́” ń fi hàn nìyẹn. Lójú tèmi, “rẹ́” yìí náà ló wà nínú ìrẹ́jẹ: ẹni tó ń rẹ́ díẹ̀ nínú ohun ẹlòmíràn jẹ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ayùn ni irinṣẹ́ yìí. Kí sọ́míìlì tó dé, ayùn gígùn ni wọ́n fi ń rẹ́ ìtì sí pákó: ẹnì kan lórí ìtì, ẹnì kejì nínú kòtò, wọ́n á máa fà á lọ sókè, wọ́n á máa fà á wá sísàlẹ̀. Ohun tó ń fa eyín yẹn nìkan ló yí padà. Ẹ wo ọkọ̀. Ọkọ̀ tí à ń fi àjẹ̀ wà lórí omi ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, a ní ọkọ̀ ojú irin, a ní ọkọ̀ òfuurufú, a kò sọ ọkọ̀ nù. Ìṣòro kejì nìyí: “ẹ̀rọ” kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ̀rọ ìlọta ni ẹ̀rọ, ẹ̀rọ amúlétutù náà ni ẹ̀rọ, kò sì sí èyí tó ń rán ènìyàn létí pé ohun ọwọ́ rẹ̀ ní eyín.

Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni àbá tèmi. Èyí tó ń lo iná mànàmáná á jẹ́ ayùn oníná, ti àtijọ́ á jẹ́ ayùn àfọwọ́fà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé àyálò ni ẹ́ńjìnnì, kó rántí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ igi mọ ọ̀rọ̀ ṣe ju bí a ti rò lọ. Àwọn ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ní agbégilódò.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn nínú ìwé náà ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n kọ “bu epo sí i”. Epo wo? Bẹntiróòlù tí a fi ọ́ìlì pò ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yìí ń mu. Níbi tí ìwé ẹ̀rọ bá ti sọ pé 50 sí 1, ìyẹn ìwọ̀n bẹntiróòlù 50 sí ọ́ìlì 1, mìlílítà 100 ọ́ìlì ni ti bẹntiróòlù lítà 5. Ọ́ìlì ṣéènì tún ní ojú ihò tirẹ̀. Ẹni tó bá bu bẹntiróòlù lásán sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yóò bà á jẹ́. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́.

Èkejì ni “ìfàsẹ́yìn”. Bí apá òkè ṣóńṣó irin gígùn tí ṣéènì ń yí ká bá kan igi nígbà tí ṣéènì ń sáré, ayùn yóò fò sókè padà sí ojú tàbí ọrùn ẹni tó dì í mú, kí ó tó ṣẹ́jú. Ìfàsẹ́yìn ni ti onígbàgbọ́ tó padà sínú ayé, tàbí ti ọrọ̀ ajé tí kò lọ déédéé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn ń lọ. Bọ́ọ̀lù tí a jù mọ́ ògiri máa ń ta padà. Ẹ kọ “ìtapadà”.

Kí n tó fi èyí ránṣẹ́, mo ka gbólóhùn kan sókè bóyá ahọ́n yóò kọsẹ̀: “Ya ẹnu fún igi ní ìhà tí o fẹ́ kó wó sí, wá fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn, ṣọ́ra fún ìtapadà, má rẹ́ ẹ já tán, bí ó bá wó, pa ẹ̀ka rẹ̀, rẹ́ ìtì náà sí wẹ́wẹ́, kí o tó fi àáké là á.” Ahọ́n mi kò kọsẹ̀.