Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òṣèlú Amẹ́ríkà, kí ló dé tí Alaska fi ní ọnọ́rébù kan ṣoṣo?

OmoItaOsu (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn kan ń lọ lọ́wọ́ lórí Wọ́sáàpù ẹbí wa, kò sì tíì parí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Anchorage ló ń sọ pé gbogbo ìpínlẹ̀ Alaska, ọnọ́rébù kan ṣoṣo ni wọ́n ní nílé aṣojú-ṣòfin ní Washington. Ẹnì kan! Àwa níbí, mẹ́sàn-án ni Ògùn ní l'Ábújá, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nìkan kó mẹ́ta níbẹ̀, Alaska sì rèé, mo wò ó lórí máàpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Nàìjíríà méjì. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ ni àbí bí òfin wọn ṣe wà nìyẹn? Ó tún ní ẹnì kan jókòó sórí àga yẹn fún bí àádọ́ta ọdún, ìyẹn ni mo ní kó lọ sọ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là á yé mi jọ̀ọ́, àwọn ará ilé ń dúró dè mí.

Baba_Ibeji (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àbúrò, òótọ́ lọmọ yẹn sọ o. Orí èèyàn ni wọ́n ń kà, wọn ò wo bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó. Àga 435 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin wọn, bó ṣe wà látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, àfi ìgbà díẹ̀ tí Alaska àti Hawaii ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó di 437, wọ́n sì tún dá a padà. Gbogbo ọdún mẹ́wàá ni wọ́n máa ń kànìyàn tí wọ́n á sì tún àga yẹn pín, ìpínlẹ̀ tó wù kó kéré tó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n kà á ní 2020, Alaska jẹ́ 733,391, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pín in dọ́gba, àga kan ń bọ́ sí bí 761,000. Ṣó o rí i pé kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló wà bẹ́ẹ̀ báyìí: Alaska, Delaware, North Dakota, South Dakota, Vermont àti Wyoming. At-large ni wọ́n ń pe irú àga bẹ́ẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ ló jọ ń dìbò sí i.

Ẹni tó lè sunkún ni Delaware, 989,948 ni wọ́n, àga kan. Montana fi díẹ̀ jù wọ́n lọ, 1,084,225, wọ́n fún wọn ní méjì. Montana náà sì ti jẹ ìyà yẹn rí o, láti 1993 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n gbé ẹjọ́ dé kóòtù tó ga jù ní 1992, wọn ò jàre.

Tisa_Ago (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ ṣeun Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n kún un, torí ìtàn àga Alaska yẹn dùn ju sinimá lọ.

Ọwọ́ Rọ́ṣíà ni Amẹ́ríkà ti ra ilẹ̀ yẹn ní 1867, mílíọ̀nù 7.2 dọ́là, kò sì tètè di ìpínlẹ̀. Láti 1906 ni wọ́n ti ń rán aṣojú kan lọ sí Washington, ó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè dìbò. Nígbà tó sú wọn, ní 1956 wọ́n kàn dá ìbò dì fúnra wọn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n yan sẹ́nétọ̀ méjì àti ọnọ́rébù kan, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa yọ àwọn ará Washington lẹ́nu títí wọ́n á fi gbà (ó dà bíi pé Ìjẹ̀bú làwọn èèyàn yìí). Ralph Rivers tí wọ́n yàn nígbà náà ló wá di ojúlówó ọnọ́rébù wọn àkọ́kọ́ nígbà tí Alaska di ìpínlẹ̀ ní January 1959. Howard Pollock ló tẹ̀ lé e, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Ìbò 1970 ló gbé Nick Begich wọlé, Democrat ni, iṣẹ́ tíṣà ló ṣe kó tó dé òṣèlú, ẹgbẹ́ mi ni. Ní October 16, 1972, ìpolongo ìbò ń lọ lọ́wọ́, òun àti Hale Boggs tó jẹ́ aṣáájú àwọn Democrat nílé náà wọ bààlúù kékeré kan ní Anchorage, wọ́n ń lọ Juneau, bààlúù ò dé. Ọjọ́ 39 ni wọ́n fi wá a, wọn ò rí nǹkan kan, títí di òní olónìí. Ọjọ́ ìbò pé ní November, orúkọ ẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ìbò, àwọn ará Alaska bá tún dìbò fún un, ẹni tí wọn ò mọ̀ bóyá ó wà láyé, ó sì fẹ̀yìn alátakò ẹ̀ janlẹ̀! Don Young lorúkọ alátakò yẹn. Nígbà tí kóòtù wá sọ ọ́ di òkú ní December, wọ́n tún ìbò míì dì ní March 1973, Young fi díẹ̀ báyìí ju Emil Notti lọ, ló bá jókòó, kò sì dìde mọ́ àfi ìgbà tó kú ní March 18, 2022, ẹni ọdún 88, inú bààlúù lòun náà kú sí nígbà tó ń padà sílé. Ọdún 49 nìyẹn o OmoItaOsu, nítorí náà lọ yanjú ẹ̀ pẹ̀lú wọn lórí Wọ́sáàpù yẹn.

Tèmi ni pé bí àga yẹn ṣe jẹ́ ẹyọ kan wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbòmíì tí wọ́n bá fẹ́ yọ èèyàn, wọ́n lè yí ààlà ẹkùn ẹ̀ padà. Ààlà tí Young ni ààlà ìpínlẹ̀, ta ló fẹ́ yí ìyẹn?

Garri_Ijebu

Ẹ ò rí i pé wọ́n ń ṣọ́wó ná níbẹ̀? Àwa, ọnọ́rébù mẹ́sàn-án, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, owó oṣù, mọ́tò ńlá. Kí wọ́n jẹ́ ká mú ẹnì kan fún gbogbo Ògùn jàre, ká lè mọ ẹni tá a máa bú.

RemoLokan (Ṣágámù)

Ìwọ lo lè sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan fún gbogbo Ògùn, Ẹ̀gbá àti Yewa á parapọ̀ gbé tiwọn wọlé, àwa ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ, a máa wá di òǹwòran. Irú ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn fòfin dè é. Láyé àtijọ́, ìpínlẹ̀ tó ní àga mẹ́fà lè ní kí gbogbo èèyàn jọ dìbò fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹgbẹ́ tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù á kó gbogbo ẹ̀ lọ, àwọn tó kù ò ní rí nǹkan kan mú. Ní 1842 wọ́n ṣòfin pé kí kálukú pín ẹkùn, Georgia, Mississippi, Missouri àti New Hampshire ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ilé náà sì tún gbà wọ́n wọlé. Ó di 1967 kí wọ́n tó tì í pa pátápátá, ọ̀kan lára ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù á fi bo ohùn àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó ní àga kan ṣoṣo ló kù, torí kò sóhun tí wọ́n fẹ́ pín níbẹ̀.

Baba_Ibeji

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta yín yẹn náà lọmọ Ṣágámù, Gbénga Daniel, ti wá wọlé sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Ògùn ní 2023, níbi tí Ìjẹ̀bú ti ní mẹ́fà. Ẹ rọra sunkún.

RemoLokan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ rántí 😂

Iya_Wosila (Ìwopin)

Ẹ̀yin ń ka orí èèyàn, ẹ wá síbí kẹ́ ẹ wá wo ilẹ̀. Àríwá Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú àti Ogun Waterside ni wọ́n so pọ̀ ṣe ẹkùn kan, látòkè Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí ọ̀sà, ibòmíì níbí àfi tó o bá wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn olóṣèlú, ìgbà ìbò lojú wọn máa ń mọ̀nà. Ẹni tó wá ni Nàìjíríà méjì lọ́wọ́, báwo ló ṣe ń dé abúlé?

Tisa_Ago

Ìyá wa, bààlúù ni. Juneau tó jẹ́ olú-ìlú wọn gan-an kò lọ́nà mọ́tò tó wọ̀ ọ́, bààlúù tàbí ọkọ̀ ojú omi náà ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àga kan yẹn ò dí ará abúlé lọ́wọ́. Fort Yukon ni Young ń gbé, ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún kan, ó ṣe tíṣà níbẹ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ lórí odò Yukon. Nígbà tó kú, èèyàn 48 ló jáde dupò, Sarah Palin tó ti ṣe gómìnà Alaska rí wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Santa Claus lábẹ́ òfin náà wà níbẹ̀, mi ò ṣàwàdà. Wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń dìbò padà ní 2020, olùdìbò máa ń to àwọn olùdíje ni, ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, bí ẹni àkọ́kọ́ rẹ bá já bọ́, ìbò rẹ á lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì. Mary Peltola ló mókè ní August 2022, ọmọ ẹ̀yà Yup'ik láti Bethel, níbi tí ọ̀nà mọ́tò kankan ò so mọ́ ìlú míì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti inú àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Alaska tó dé ilé yẹn.

OmoItaOsu

Ẹ ṣeun Tísà, mo ti kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ṣé ìyáàfin yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀? Hawaii tí Bàbá Ìbejì ní wọ́n jọ wọlé ńkọ́, ṣé ọ̀kan làwọn náà ní?

Tisa_Ago

Rárá, ó pàdánù ní November 2024. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ń jẹ́ Nick Begich, ọmọ-ọmọ ẹni tí bààlúù gbé lọ. Democrat ni bàbá bàbá, Republican lọmọ-ọmọ. Ní ti Hawaii, ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di méjì lẹ́yìn ìkànìyàn 1960, gbogbo erékùṣù sì jọ ń dìbò fún méjèèjì, ó di ìbò 1970 kí òfin tí RemoLokan sọ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Honolulu ló gba ọ̀kan, ìyókù Oahu àti àwọn erékùṣù tó kù ló ni èkejì.