Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló yọ mí o. Ẹ wá sọ tiyín

Atẹ̀wé obìnrin, Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún 2023, mo ní kí n sọ ọ́ kí ẹ̀yin náà lè sọ ohun tí ojú yín ti rí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé láti òwúrọ̀ ni ariwo ẹ̀rọ ti máa ń gba gbogbo òpópónà, atẹ̀wé lọ́tùn-ún, atẹ̀wé lósì. Ọkùnrin kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tí ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kord ni ẹ̀rọ mi, Kord náà ni tirẹ̀. Ní 2019, ó gba iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan mọ́ mi lọ́wọ́, ó pe iye tó kéré sí tèmi fún wọn. Láti ìgbà náà, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wa, èyí tí ẹnu ń sọ tí ojú ń wo ibòmíràn.

Ó wá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdìbò ààrẹ, ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023. Ẹ rántí ìgbà yẹn: owó tuntun kò sí níta, àwọn èèyàn ń sùn sídìí ATM. Mo gba iṣẹ́ pósítà 10,000 fún olùdíje kan. Mo ti gba ìdajì owó, mo ti fi ra ìwé, mo ti ṣe pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kìíní mọ́, ẹ̀rọ mi kọṣẹ́. Bẹ́árìn kan ló fọ́ nídìí rólà, a wá a títí, a ò rí irú rẹ̀ rà. Ẹni tó ń tún un ṣe ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí n ṣàlàyé fẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni Kord mi ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pósítà aláwọ̀ mẹ́rin ní láti gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nítorí náà pósítà 10,000 ti di 40,000. Ẹ ó tún fọ rólà kẹ́ ẹ tó bọ́ sí àwọ̀ mìíràn, ẹ ó tún tò ó kí àwọ̀ má bàa yẹ̀ lórí ara wọn, kí ojú olùdíje má di méjì. Iṣẹ́ òru méjì gbáko ni. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo káwọ́ lérí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin yìí sọdá wá. Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀rọ yín ò ké láti àárọ̀. Ṣé kò sí o?"

Ẹnu yà mí. Mi ò mọ̀ pé ó ń fetí sí ẹ̀rọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Tèmi máa ń ṣíwọ́ ní aago méje alẹ́. Ẹ kó pléètì yín, ẹ kó ìwé yín, kí ọ̀pẹrétọ̀ yín máa bọ̀. Dísù ni kẹ́ ẹ rà." Mo bi í pé èló ni yóò gbà. Ó ní dísù náà ni.

Òru méjì la fi tẹ̀ ẹ́. Méjì nínú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ń bá wa ka iye pósítà, wọ́n ń bá wa dì í. Ṣùgbọ́n èyí gan-an kọ́ ló mú kí n máa sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tó bá ní etí. Ní òru kejì, aṣojú olùdíje yẹn wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó rí pátákó orúkọ ọkùnrin yìí lókè, ó rí i bó ṣe ń pàṣẹ fáwọn ọmọ. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀, pé iṣẹ́ ti gómìnà ṣì ń bọ̀ nínú oṣù Kẹta. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ: "Ọ̀dọ̀ màdáámù ni iṣẹ́ yín wà, sà. Àwọn ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́." Mo kọjú sí ògiri, mo nu ojú mi.

Láti ìgbà náà la ti ń ṣe pọ̀. Ìwé tí à ń lò, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku Iboku kò gbé wa dé ibi tí à ń lọ, nítorí náà bí dọ́là bá ti gbéra, ìwé gbéra nìyẹn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, àwa mẹ́rin ní òpópónà wa bẹ̀rẹ̀ sí í da owó pọ̀ ra ìwé lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá, a ń pín in ní rím-rím. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè dá a rà ní iye yẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Àáró ni bàbá mi ń pe irú èyí. Bí wọ́n ṣe ń ro oko ara wọn láyé ijọ́un, tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é nídìí òfì. Bí aṣọ ẹbí ọgọ́rin èèyàn bá dé, tí ìgbéyàwó kò ju oṣù kan lọ, ọwọ́ ẹnì kan ò ká a.

Òwú ni wàhálà ibẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ la ń hun aṣọ òkè, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ínṣì mẹ́rin lọ, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bí òwú tèmi bá fi díẹ̀ pọ́n ju tìrẹ lọ, ojú agbo ni yóò ti hàn. Nítorí náà, ẹni tó gba iṣẹ́ ló ń ra gbogbo òwú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kó tó pín in fún wa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le lórí òfì, a kì í rán tirẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Fìlà àwọn ọkùnrin la máa ń fún un hun.

Ọdún tí ìyá mi papò dà, iṣẹ́ ńlá kan wà lọ́wọ́ mi. Bàbá kan wà tí a jọ ń du àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó wá. Èmi wà nídìí òkú, bàbá yìí rán ọmọ rẹ̀ méjì wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n hun ún parí. Mo gbé owó lọ fún un, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n fún àwọn ọmọ ní tiwọn. Ní ti òun, ọjọ́ tí òun bá pè mí ni kí n wá. Ọdún méjì kọjá kó tó pè. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó sórí òfì rẹ̀, inú mi sì dùn ní gbogbo ọjọ́ náà.

Àdéhùn kan wà o: àrà tí oníbàárà ẹnì kan mú wá, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ hun ún fún ẹlòmíràn títí òde yẹn yóò fi kọjá.

Ọmọ Computer Village, Ìkẹjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Lápá Ọ̀tígbà ni mo wà, fóònù ni mò ń tà. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí gbogbo ọjà wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí kọ́sítọ́mà bá béèrè èyí tí mi ò ní, màá ní kó jókòó, màá fún un lómi, màá sáré lọ gbé e wá lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Aládùúgbò á pe iye tirẹ̀ fún mi, màá fi èrè mi lé e. Lọ́la, òun náà á sáré wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti jẹun nípasẹ̀ ọjà tí kì í ṣe tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí. Mo mú kọ́sítọ́mà kan dání lọ́jọ́ kan, tórí pé ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ yan àwọ̀. Bí mo ṣe yíjú báyìí, ẹni tó ni ọjà ti ki káàdì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ra mẹ́fà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò bá a jà. Mo gbé e dé iwájú àwọn tó ti pẹ́ lórí ìlà wa, wọ́n ní kó fún mi ní ìdajì èrè orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó fún mi. Síbẹ̀, ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè tún gbé ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé àyà mi ń já.

Màdáámù, ìbéèrè mi rèé. Bí kọ́sítọ́mà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ bá ọkùnrin òdìkejì yẹn ńkọ́?

Onídìrí, Peckham, London

Ẹ jẹ́ n ya díẹ̀ sọ. Nígbà kòrónà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù gbogbo onídìrí ní England láti oṣù Kẹta 2020 títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, orí gbogbo èèyàn ti kún, àwa ò sì lè to àga súnmọ́ra mọ́. Àga márùn-ún mi di méjì. Àwa mẹ́ta tí a jọ wà lágbègbè kan ṣoṣo, tí a ti ń fi owó dídì já oníbàárà gbà lọ́wọ́ ara wa fún ọdún pípẹ́, ṣe ìwé kan sórí WhatsApp. Ẹni tí àyè bá ṣí lọ́dọ̀ rẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀, àwa yòókù á darí orí sí i. Ẹni tó dì í ló gba owó rẹ̀.

Àǹtí tó dàgbà jù nínú wa ṣàìsàn lọ́dún kejì. Gbogbo oníbàárà tí Àǹtí ti gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ wọn, àwa méjì la bá wọn dì í. Àǹtí padà dé, kò sí kọ́sítọ́mà rẹ̀ kan tó sọnù. Ọjọ́ tí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n gbé dání, a ti ṣọ́ọ̀bù, a jẹun.

Bàbá oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì ṣàdúrà fún yín. Èmi náà ti yá ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń gbé búrẹ́dì fún àwọn alátẹ kan náà, òun náà ti wá fi ààrò mi yan tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, torí mo ti rí i níbi tó ti bàjẹ́. Kí ẹ yá ara yín ní ẹ̀rọ, kí ẹ jọ ra ohun èlò, ó dára. Kí ẹ wá pàdé, kí ẹ ní iye báyìí ni ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ tà á, ẹni tó bá dín in ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní ìfẹ́. Ará ìlú ni ẹ pawọ́ pọ̀ rẹ́ jẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó dáàbò bo oníbàárà sì lòdì sí i. Wọ́n pe èmi náà sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, mo dìde níbẹ̀. Àwọn kan ò kí mi fún ọdún kan. Ẹni tó yá mi ní ìyẹ̀fun wà lára àwọn tó bá mi dìde.

Atẹ̀wé obìnrin, Ṣómólú

Ẹ ṣé gan-an, bàbá wa. Àǹtí Peckham, ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹran ewúrẹ́ mìíràn bá wà.

Àbúrò mi ní Ìkẹjà, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìparí 2024, lásìkò kálẹ́ńdà, ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀ fẹsẹ̀ ara wọn wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé mo pẹ́ lórí iṣẹ́ wọn lọ́dún tó ṣáájú. Kò tíì dá wọn lóhùn tó fi pè mí. Ó ní, "Màdáámù, àwọn èèyàn yín wà níwájú mi o. Kí ni kí n ṣe?" Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo pẹ́. Mo ní kó gbà á, kó bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wá kan gígé etí ìwé, ẹ̀rọ tèmi ló kó gbogbo rẹ̀ wá bá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bá a gé e wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ó san owó rẹ̀ pé pérépéré. Mo ní kó mú díẹ̀ padà níbẹ̀, ó kọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ mi.