Màmá mi máa pé 60 lóṣù kọkànlá, ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ wa, báwo la ṣe máa ṣe é nílé?

ỌmọẸlẹ́lùbọ́:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi máa pé 60 lóṣù kọkànlá, ọdún 28 ni wọ́n ti fi ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn, inú ẹ̀ ni wọ́n ti rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níléèwé, kò sì tíì sẹ́ni tó ṣe ọjọ́ ìbí fún wọn rí láyé wọn. Èmi àtàwọn àbúrò mi dá owó jọ, ₦150,000 ni gbogbo ẹ̀, a ò fẹ́ yáwó rárá torí màmá gan-an á bínú tí wọ́n bá gbọ́. Ilé wa ní Àpáta la ti fẹ́ ṣe é, igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé tó ní ibòji dáadáa. Èèyàn bí i 40 la fẹ́ pè, ẹbí, àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bá ìyá alásè kan sọ̀rọ̀, iye tó pè nìkan ti kọjá owó wa, kò tíì kan àga, kò tíì kan mímu. Àǹtí mi kan tún ní ká yọ ₦20,000 sọ́tọ̀ ká fi ra owó tuntun tá a máa ná màmá. Mi ò kàn fẹ́ ká kóra jọ jẹ ìrẹsì ká tú ká ni o, mo fẹ́ kí inú wọn dùn, kí wọ́n jó. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa yọ, kí la máa fi sílẹ̀?

ÌyáBejì_Òṣogbo:
Ọmọ mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, màmá á jẹun ọmọ pẹ́. Ìyá alásè yẹn, fi í sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé wa ló dáná ti ọkọ mi nígbà tí wọ́n pé 70, èèyàn 60 la bọ́, oúnjẹ tún ṣẹ́kù. Kóńgò ìrẹsì kan máa ń tó èèyàn 10 lọ́wọ́ mi, se kóńgò 5, mo ti ka àwọn mo-gbọ́-mo-yà mọ́ ọn, torí wọ́n máa wá. Igi ni kó o fi sè é o, kì í ṣe torí owó gáàsì nìkan, èéfín yẹn ló ń jẹ́ kí ìrẹsì pátì máa ta sánsán bó ṣe ń ta sánsán. Jẹ́ kí tàtàṣé pọ̀ ju tòmátì lọ, dín ata yẹn títí òróró á fi léfòó sókè kó o tó da omi ẹran sí i, tí ìrẹsì bá ti ń fa omi tán kó o fi fóìlì bò ó kó o tó dé e, kó o wá fa igi jáde kó ku ẹ̀yinná nìkan lábẹ́ ẹ̀. Ìdí ìkòkò á jó díẹ̀, jẹ́ kó jó, ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọdé máa ń jà sí.

Má ra ẹran màlúù. Àwọn tó ń sin adìyẹ máa ń ta àwọn àgbà tó ti yé ẹyin tán, ẹran ẹ̀ le, kì í fọ́ sínú ìkòkò, tó o bá gé ọ̀kan dáadáa á fún ẹ ní ègé 12. Lẹ́yìn ìyẹn mọ́ínmọ́ín, kóńgò ẹ̀wà kan ààbọ̀, ewé eéran ni kó o fi pọ́n ọn. Kóńgò kan máa ń fún mi ní ewé 30. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni kó o lọ ẹ̀wà o, má lọ̀ ọ́ sílẹ̀ mọ́jú, ó ti kan mọ́ mi lọ́wọ́ rí, gbogbo ẹ̀ la dànù.

BàbáRẹ̀mí:
Oúnjẹ ti parí nìyẹn, ìyá ti sọ ọ́ tán. Ẹ fi í sí aago 1 sí aago 5, ilẹ̀ ò ní ṣú bá yín, ẹ ò ní ra bẹntiróò fún jẹnẹrétọ̀, sípíkà tẹ́ ẹ ti cháàjì mọ́jú á gbé yín délé. Oṣù kọkànlá òjò ti ń lọ, abẹ́ máńgòrò ti tó yín, ẹ má háyà kánópì. Àga, ẹ lọ tọrọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti owó tuntun yẹn, àbúrò, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òfin CBN ti 2007, ẹ̀ka 21, ka náírà fífọ́n sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń tà á, ẹ̀wọ̀n tí ò ní dín ní oṣù 6 tàbí owó ìtanràn tí ò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Wọ́n ti ń mú èèyàn fún un. Ẹ gbé igbá tó mọ́ kan síwájú màmá, kẹ́ni tó bá fẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ fi í sínú ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ₦20,000 yẹn ra adìyẹ.

Àdùnní_Peckham:
Ilé tiwa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò tó nǹkan, oníkálukú ló gbé kúlà tiẹ̀ wá nígbà tí màmá mi pé 65, ẹnì kan gbé ìrẹsì, ẹnì kan gbé gízdódò, owó tí mo ná ò pọ̀ rárá. Ohun táwọn èèyàn ṣì ń bá mi sọ títí dòní ni pé a kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì màmá. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 ló dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, ohùn ẹ̀ ń ṣì níbi púpọ̀, ó tiẹ̀ dúró láàárín kan ó wojú mi. Màmá yọ awò ojú, wọ́n fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n ní kó tún un kì látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́. Ẹ ní kí ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan náà sọ nǹkan kan tí màmá ṣe fún un rí, ẹ máa gbọ́ nǹkan tẹ́yin ọmọ ò mọ̀ rí. Kẹ́ ẹ gbé ọpọ́n ayò síbì kan fáwọn bàbá.

Ẹ̀yìnỌjà:
Kóńgò 6 ni kẹ́ ẹ se o, èmi náà ń tajà, a máa ń mú oúnjẹ lọ sílé fáwọn tó dúró ti ìsọ̀. Ẹ má dá aṣọ ẹbí, kí kálukú wọ àdìrẹ tó ní. Ẹ má ra ẹ̀bùn tẹ́ ẹ máa pín fáwọn àlejò. Mímu, ẹ fi ìṣápá se sóbò, atalẹ̀, kánáfúrù, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kẹ́ ẹ fi yìnyín sí i.

ỌmọẸlẹ́lùbọ́:
Ẹ ṣé gan-an ni o, mà, sà, gbogbo yín. Kóńgò 6 la máa se, àǹtí ti gbà pé ká fi owó tuntun sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti fún wa ní àga 40. Mo lọ Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi fóònù gba oríkì wọn sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n màmá, àwọn ọmọ àbúrò mi sì ti ń kọ́ ọ. Àná ọ̀kan ń kì í nínú balùwẹ̀, màmá gbọ́ látìta, wọ́n ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní “ta ló ń pè mí bí ìyá mi ṣe máa ń pè mí yẹn?” A sọ fún wọn pé fíìmù là ń wò.