Báwo ni mo ṣe lè gbin hóró yukalíptọ́ọ̀sì nílé, ní Kabba?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa igi. Mo fẹ́ gbin yukalíptọ́ọ̀sì sẹ́yìnkùlé wa ní Kabba, fún òpó àti igi ìdáná. Mo gbọ́ pé ẹ̀ka igi àgbà kì í sábà ta gbòǹgbò, pé ọ̀mùnú tó rú lára kùkùté ló sàn, ṣùgbọ́n hóró ló wà lọ́wọ́ mi. Ó kéré bí àtíkè! Ṣé kí n pò ó mọ́ iyanrìn kí n tó fọ́n ọn? Ṣé kí n bu erùpẹ̀ bò ó, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọyẹ́ ń fẹ́ báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé omi tí mo bá wọ́n lè gbá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, igi yìí máa ń mumi gan-an: báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà tó sí kànga ìyá mi? Kànga yẹn nìkan la ní.